Ọlá Tí Ìjọba Ń Fún Àwọn Olórí Tí Ó Ti Kọjá Lọ
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìkéde Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Festac Town)



Ìlú tí a jókòó sí yìí, nítorí àjọ̀dún ni a ṣe kọ́ ọ. Ní ọdún 1977, àwọn ènìyàn dúdú láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé wá sí Èkó fún àjọ̀dún FESTAC, inú àwọn ilé wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wọ̀ sí. Kò pé oṣù kan tí ìlù fi dákẹ́, tí àlejò sì lọ; ṣùgbọ́n ilé kò bá àlejò lọ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọlá tí ìjọba ń fún àwọn olórí tí ó ti kọjá lọ.

Àwọn baba wa ní, "Ọjọ́ a kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè." Ẹ wo Olóyè M.K.O. Abíọ́lá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, 1993, ìbò àwọn ará ìlú fi í ṣáájú, ìjọba ológun sì wọ́gi lé ìbò náà. Wọ́n tì í mọ́lé ní 1994, inú àhámọ́ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù keje, 1998. Ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ tó fún un ní GCFR, oyè tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ wa, tí wọ́n sì kéde ọjọ́ ìbò rẹ̀ ní Ọjọ́ Ìjọba Àwa-ara-wa. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n ogún ọdún gbáko ni òkú fi dúró de oyè.

Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Alhaji Shehu Shagari borí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nínú ìdìbò 1979. Síbẹ̀, ní 1982, Shagari yìí kan náà ni ó fi oyè GCFR dá alátakò rẹ̀ lọ́lá lójú ayé rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Shagari ní òpin ọdún 1983, Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ni ó di olórí. Nígbà tí Shagari sì kú ní oṣù kejìlá, 2018, Buhari yìí, tí ìbò ti sọ di Ààrẹ, ni ó pàṣẹ pé kí a fa àsíá wá sí ìdajì òpó fún ọjọ́ mẹ́ta. Buhari pàápàá papò dà ní oṣù keje, 2025, ìjọba sì ní kí àsíá wà ní ìdajì fún ọjọ́ méje. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé kì í ṣe ẹni tí a fẹ́ràn nìkan ni àsíá ń wálẹ̀ fún. Ipò tí ìlú fi ènìyàn sí ni a ń bọlá fún.

Ṣùgbọ́n àsíá tí ó wálẹ̀ yóò tún gòkè. Kí ni yóò kù? Ọmọ tí ó ń ṣe ìrántí baba rẹ̀ lọ́dọọdún, tí ó sì jẹ́ kí igbó gba oko tí baba fi sílẹ̀, kò bọlá fún baba. Bí a bá ń yin Abíọ́lá nínú oṣù kẹfà, tí a sì ń gba owó tà ìbò wa lọ́jọ́ ìdìbò, ọwọ́ ara wa ni a tún fi ń wọ́gi lé ìbò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a dìbò láìgba owó, kí a dúró títí wọn yóò fi kà á tán, kí a sì máa yin ẹni tí ó ṣe dáadáa nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lè gbọ́. Àjọ̀dún yóò kọjá. Ilé ni kí a kọ́.

Ire o.