Ìtàn Tí Kì í Gbó



Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńláńlá ti òkè òkun, níbi tí a gbé ń fi irin, omi àti iná sọ ìtàn. Owó púpọ̀ ni a fi ń kọ́ wọn, a sì fẹ́ kí wọ́n pẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ń kọ́ ọgbà ní láti bèèrè pé: ìtàn wo ni kò ní gbó kí ilé tó gbó?

Ní ọdún 1952 ni a ṣí igbó àlọ́ Efteling ní ilẹ̀ Netherlands. Àlọ́ tí àwọn òbí ti ń pa fún ọmọ láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n kó síbẹ̀, àwọn ọmọ sì ń rọ́ lọ wò ó títí di òní. Nígbà tí Walt Disney ṣí Disneyland ní California ní 1955, ó fi Peter Pan sí i, ìtàn tí a ti ń ṣe ní eré orí ìtàgé láti 1904. Ó ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé bàbá àgbà mọ̀ ọ́n, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n kí ìtàn pẹ́ nìkan kò tó. Ní 1989 ni a ṣí Splash Mountain ní ọgbà kan náà, òkè tí ọkọ̀ ti ń já bọ́ sínú omi. Àlọ́ Ehoro ni wọ́n fi ṣe é, èyí tí àwọn ènìyàn dúdú tí a kó lẹ́rú ń pa ní Amẹ́ríkà. Ìbátan Ìjàpá wa ni Ehoro náà: ère ọ̀dà ni ó mú un, bí ère àtè ti mú Ìjàpá. Àlọ́ náà kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n inú sínimá kan ti 1946 ni wọ́n ti mú un, èyí tí ó fi hàn bí ẹni pé inú aláwọ̀ dúdú dùn láti máa sìn lóko aláwọ̀ funfun. Ẹ̀sùn pọ̀; ní 2023 a ti òkè náà pa, ní 2024 ìtàn Tiana, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú ti New Orleans, sì gba ipò rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: àwọn tiwa ni wọ́n ni àlọ́, ẹlòmíràn ni ó ṣì í pa, àlọ́ sì san gbèsè tí kò jẹ.

Bí a ó bá kọ́ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá lọ́jọ́ kan, kí a má ṣe yan ìtàn tí ó gbòde lánàá. Kí a yan Ìjàpá, kí àwa fúnra wa sì pa á. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń bẹ̀rẹ̀: ìtàn tí ọmọ kò gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, àlejò ni yóò jẹ́ fún un nínú ọgbà. Nítorí náà, ẹ pa àlọ́ fún àwọn ọmọ yín lálẹ́ òní.