Èèkù Tí Ó Sán: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Àwọn Àgbẹ̀ Oníkòkó Sọ



Àwọn baba wa sọ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tí ó pa baba òun. Wọn kò dárúkọ ojú idà; èèkù ni wọ́n dárúkọ. Gbogbo wa ni a mọ̀ bí a ti ń pọ́n ojú àdá àti ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń yẹ èèkù wọn wò?

Ẹ lè wí pé, "Kí ni sísán kékeré lè ṣe?" Èèkù tí ó rí ṣágiṣàgi a máa bó ọwọ́. Ẹni tí ọwọ́ ń ro kì í di ọ̀bẹ mú dáradára, ọ̀bẹ a sì yọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé òdòdó kòkó kì í yọ ní ṣóńṣó ẹ̀ka bí ti ọsàn. Ara ìtí igi àti ara ẹ̀ka ńlá ni ó ti ń yọ, ojú kan náà tí ó so lọ́dún yìí ni ó sì tún ń so lẹ́yìn náà. Bí ọ̀bẹ bá yọ̀ tí ó gé ojú yìí, èso ọdún tí ń bọ̀ ni a gé dànù, ọgbẹ́ náà a sì di ọ̀nà fún àrùn láti wọ inú igi.

Nítorí náà, kí ìkórè tó dé, ẹ ṣe báyìí.

Èkínní, ẹ fi àkísà nípọn di ojú irin, kí ẹ sì gbìyànjú láti lọ́ èèkù náà. Bí ibi tí ó sán bá ń là tí ó tún ń padé, tàbí tí irin ń mì nínú rẹ̀, tàbí tí kòkòrò ti jẹ igi náà, ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe èèkù tuntun. Ẹni tí ó bo irú àbùkù bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Èkejì, bí ó bá jẹ́ ojú igi nìkan ni ó sán, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ọ̀rá ọwọ́ kúrò, nítorí gúlúù kì í mú ibi tí epo wà. Ẹ gbé e síbi òjìji títí yóò fi gbẹ. Oòrùn líle a máa sán igi.

Ẹ̀kẹta, ibi tí igi tẹ̀ wọnú ṣùgbọ́n tí kò gé, ẹ fi aṣọ tútù lé e, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ aṣọ náà díẹ̀díẹ̀. Ooru omi yóò mú kí igi náà wú padà. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ po lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn dà sílẹ̀ mọ́ gúlúù àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, kí ó ki. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ inú ibi tí ó sán, kí ó ga ju ojú igi lọ díẹ̀, nítorí yóò sún kì bí ó bá ti ń gbẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi ewé ìpín gbígbẹ ha á títí yóò fi jọ̀lọ̀. Bí igi ti nà ni kí ẹ máa ha á, ẹ má ṣe ha á ní ìbú.

Ẹ̀kẹfà, ẹ fi òrí tàbí àdín díẹ̀ pa á, kí ẹ sì nù ún dáradára, nítorí èèkù tí ó ń yọ̀ kò sàn ju èyí tí ó ń gún ọwọ́ lọ. Ẹ máa pa á bẹ́ẹ̀ nígbàkúùgbà tí igi náà bá tún gbẹ, kí omi má baà tètè wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, iṣẹ́ yìí kò gba owó púpọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ ìkórè jẹ́ ọjọ́ tí ẹ óò kọ́kọ́ wo èèkù yín. Lálẹ́ òní, bí ẹ bá ti oko dé, ẹ gbé àdá yín sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi ìka wọ́ èèkù rẹ̀.