Etí Òrùlé ni Iná ń Gbà Wọlé

Iná ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ṣùgbọ́n òrùlé ni ẹ máa gbọ́ jù lẹ́nu mi lónìí, pàápàá etí òrùlé, níbi tí páánù ti yọ kọjá ògiri. Ológoṣẹ́ mọ ibẹ̀ dáadáa. Onílé kì í gbójú sókè wò ó àfi bí òjò bá ń jò.

Omi ló yí wa ká níbí ní Àgbádárìgì, ọ̀sà lápá kan, òkun lápá kejì. Bí a bá gbọ́ ìròyìn iná igbó láti òkè òkun, a máa ń ṣe háà, a sì máa ń yí rédíò síbòmíràn. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀kan. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 2018, iná jó ìlú Paradise ní California. Èèyàn 85 kú, ilé tó run sì lé ní 18,000. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo ìlú náà, wọ́n rí ilé tó ti di eérú, tí igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúró pẹ̀lú ewé tútù lórí. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ iná ńlá ló rọ́ dé ilé náà, igi yẹn ni ì bá kọ́kọ́ jó. Ẹ̀ta iná ló fò débẹ̀ ṣáájú, òun ló ríbi wọlé, tí ilé fi ti inú jó. Jack Cohen, onímọ̀ tó fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ lórí iná fún àjọ tó ń bójú tó igbó ìjọba Amẹ́ríkà, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ilé fúnra rẹ̀ àti ohun tó wà nítòsí rẹ̀ ló ń pinnu bóyá yóò jó, ju bí iná inú igbó ṣe tóbi tó lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ etí òrùlé? Atẹ́gùn tó bá kọ lu ògiri kò lè kọjá, ó máa gba òkè lọ. Òkè tó gbà, abẹ́ etí òrùlé ló já sí, gbogbo ohun tó bá sì gbé dání, ibẹ̀ ló ń tì í sí. Ihò tó fẹ̀ tó ìka ọwọ́ kan ti pọ̀ jù. Lókè àjà, igi òrùlé ti gbẹ fún ogún ọdún, òwú aláǹtakùn wà níbẹ̀, ìtẹ́ ẹyẹ wà níbẹ̀, ìwé àtijọ́ tí ẹnì kan kó pamọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀ta iná kò ní láti ní ọwọ́ iná lára. Ó máa jókòó sínú ìtẹ́ yẹn, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ ẹ bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń fi ewìrì fẹ́ ẹyín iná. Kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ tó gbóòórùn èéfín, òrùlé ti ń jó.

Àwọn baba wa mọ ewu òrùlé. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ẹni tó ń gbé abẹ́ ewé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 1851, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú yìí, iná sì jó apá púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọjú sí Èkó, wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sórí ilé ewé, ibi tí Oṣòdì Tápà, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Èkó, kó ẹ̀tù sí bú gbàù, iná sì ràn káàkiri. Lẹ́yìn náà ni páánù gbilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọkàn wa sì balẹ̀. Òótọ́ ni, páánù kì í jó. Àmọ́ ẹ dúró sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ wò ó: gbogbo ibi tí páánù ti wú sókè lórí ògiri, ihò ni. Ilé kan lè ní ọgọ́rùn-ún irú ihò bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ín á sì ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ pa lálẹ́.

Ẹ̀ta iná kò sì wọ́n wa. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja ń fi èèpo àgbọn dáná, okùn ara èèpo náà fúyẹ́, ó sì máa ń jó lọ nínú atẹ́gùn. Àwọn tó ń dọdẹ ọ̀yà ń jó koríko. Àgbẹ̀ ń jó oko, àwa tó kù sì ń jó ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé. Ohun tó ń tàn wá jẹ ni atẹ́gùn etí òkun. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, ó sì máa ń rọlẹ̀ láàárọ̀. Bí oòrùn bá kan àtàrí, atẹ́gùn òkun á dìde láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó ṣáná sí oko ní agogo mẹ́jọ ti wo ibi tí èéfín ń lọ. Ní agogo kan, èéfín ti yí ojú padà sí ilé ẹlòmíràn. Omi tóóró tó wà láàárín kò dá ẹ̀ta iná dúró. Ní Australia, lọ́jọ́ 7 oṣù Kejì 2009, tí èèyàn 173 kú, ẹ̀ta iná ń dá iná tuntun sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà níwájú iná àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin ni mo wá bá. Ẹ fi sìmẹ́ńtì dí àwọn ihò tó wà lábẹ́ páánù lórí ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ má dí gbogbo ọ̀nà atẹ́gùn pa, ooru á bá àwọn tó ń sùn nísàlẹ̀ jà. Ẹ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì fi àwọ̀n irin bò ó. Òfin California fàyè gba ojú àwọ̀n tó wà láàárín mílímítà 1.6 sí 3.2, ti Australia kò ju mílímítà 2 lọ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn onírọ́bà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, yíyọ́ ló máa yọ́. Àwọ̀n irin lásán náà, iyọ̀ òkun á jẹ ẹ́ tán. Irin tí kì í dógùn-ún ni kí ẹ rà, ó wọ́n díẹ̀, àmọ́ ẹ ò ní máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Kódà àwọ̀n yẹn kò parí ọ̀rọ̀. Onímọ̀ kan nípa iná, Samuel Manzello, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ́ ẹ̀rọ kan tó ń tu ẹ̀ta iná jáde, wọ́n sì rí i pé ẹ̀ta tó bá há sójú àwọ̀n máa ń jó títí yóò fi kéré tó láti kọjá. Nítorí náà, ẹ gbá òkè àjà, ẹ kó ìtẹ́ ẹyẹ àti ìwé kúrò níbẹ̀.

Ní ti PVC, pátákó oníke tí gbogbo èèyàn ń kàn sábẹ́ etí òrùlé báyìí, mo mọ̀ pé ó rẹwà, kòkòrò kì í sì í jẹ ẹ́. Bí ooru bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó máa ń rọ̀, ó sì máa já bọ́. Ihò tí ẹ fi í bò á tún ṣí sílẹ̀. Pátákó oní-sìmẹ́ńtì ló sàn jù. Àwọn ilé àtijọ́ tó ní asbestos lókè ńkọ́? Kò ní jó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rẹ́ ẹ tàbí fọ́ ọ, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án láìsí ẹni tó mọṣẹ́ rẹ̀.

Ẹnì kan máa ní ilé tí òun ń gbé kì í ṣe ti òun. Ayálégbé lè kó èèpo àgbọn kúrò lára ògiri, kó sì ká imọ̀ gbígbẹ tó wà lórí páánù kúrò. Ìyókù, owó onílé ni, kí a sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá wá gbowó. Ní ti ìjọba, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní Marina ìlú wa yìí, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní 1845, ni mo fẹ́ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gbé àkàbà síbẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé, kí káfíńtà kan gòkè lọ wo abẹ́ etí òrùlé rẹ̀ yípo, kí wọ́n sì jẹ́ kí aráàlú wá wò bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.