Kóró Ápíríkọ́ọ̀tì àti Ìkorò Tí A Ń Pè Ní Oògùn



Àwa Yorùbá a máa fi ìkorò mọ oògùn. Ewúro korò, dọ́ńgóyárò korò; orógbó tí a fi ń súre fún ọmọ tuntun pàápàá korò, bẹ́ẹ̀ sì ni kóró inú èso ni orógbó í ṣe. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wí fún wa pé kóró èso kan tí ó korò ń bẹ ní òkè òkun tí ń wo àrùn jẹjẹrẹ, etí wa a tètè gbà á. Èyí ni ó mú wa dìde sọ̀rọ̀ lónìí.

Èso náà ni ápíríkọ́ọ̀tì, tí a ń gbìn púpọ̀ ní agbègbè Malatya ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ara èso náà dùn, kò sì léwu. Ṣùgbọ́n bí a bá pa kóró rẹ̀ bí a ti í pa ẹ̀kùrọ́, a ó bá ọmọ kan nínú rẹ̀. Èyí tí ó korò nínú wọn ní ohun kan púpọ̀ tí à ń pè ní amygdalin. Bí eyín bá ti rún un, amygdalin a tú, sáyánáìdì a sì jáde láti inú rẹ̀, májèlé tí kì í jẹ́ kí ara lè lo afẹ́fẹ́ tí a mí sínú.

Ní àwọn ọdún 1950, Ernst Krebs ará Amẹ́ríkà àti ọmọ rẹ̀, tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ń polówó oògùn kan tí a pè ní Laetrile, èyí tí ó bá amygdalin tan. Lẹ́yìn náà ni ọmọ sọ ọ́ ní fítámì B17. Kì í ṣe fítámì rárá: kò sí àrùn kan tí í ṣe ènìyàn nítorí pé kò jẹ ẹ́. Steve McQueen, òṣèré sinimá tí òkìkí rẹ̀ kàn, lọ gba oògùn yìí pẹ̀lú àwọn mìíràn ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ní ọdún 1980. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kú. Ní ọdún 1982, àwọn dókítà tẹ àbájáde ìdánwò jáde lórí aláìsàn 178. Kò wo ẹnì kankan sàn, a sì bá sáyánáìdì nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí í pa ènìyàn.

Àjọ tí ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù wí ní ọdún 2016 pé bí àgbàlagbà bá jẹ ju kóró kékeré 3 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè ti kọjá ààlà. Ẹyọ 1 péré lè pọ̀ jù fún ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí ń polówó rẹ̀ ń wí fún alárùn jẹjẹrẹ pé kí ó máa jẹ 60 lójúmọ́!

Wọn a ní ohun tí Ọlọ́run dá ni. Ẹ̀gẹ́ oko wa ńkọ́? Májèlé kan náà ni í jáde láti inú ẹ̀gẹ́ kíkorò. Àwọn ìyá wa a bó o, wọn a rin ín, wọn a dì í sínú àpò, wọn a fi òkúta tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan títí omi rẹ̀ yóò fi ro, tí yóò sì kan, kí wọn tó jọ̀ ọ́, kí wọn tó yan án. Àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíìlì padà bọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára àwọn tí ó mú kí ìmọ̀ yìí tàn kálẹ̀. Ìyá tí ń yan gààrí kò bẹ̀rù ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi tútù rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ jẹ. Ẹni tí ń ta kóró inú ọ̀rá yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ ní kí a rún un ní tútù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa ń kẹ́gàn egbò àti ewé. Ẹni tí ó mọ egbò a mọ bí a ti í sè é, a sì mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ohun tí ó dùn wá jù lọ kì í ṣe owó tí a ná, bí kò ṣe àwọn oṣù tí aláìsàn fi ń rún kóró nílé, tí jẹjẹrẹ tí dókítà ì bá ti gé kúrò sì ń tàn nínú ara rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá sì ti jẹ ẹ́ ná, tí orí ń fọ́ ọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ó ń bì, tàbí tí èémí rẹ̀ kò já gaara mọ́, kí a má ṣe bu epo pupa fún un kí a sì jókòó máa wò ó. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá, nítorí oògùn tí ń ṣẹ́gun sáyánáìdì wà. Kí a sì mú kóró tí ó kù nínú ọ̀rá náà lọ́wọ́, kí dókítà lè rí ohun tí ó jẹ.