Kí Ẹ Tó Ra Alángbá Onírùngbọ̀n, Ẹ Ronú Oòrùn

Ketu níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ má bínú, ó kan ọ̀rọ̀ tòní gan-an.

Bearded dragon la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Alángbá onírùngbọ̀n ni mo ń pè é, torí tínú bá bí i, ọ̀fun rẹ̀ á wú, á sì dúdú bí irùngbọ̀n. Australia ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí kan náà lòun àti alángbá orí fẹ́ǹsì wa.

Ẹ wo ti orí fẹ́ǹsì yẹn láàárọ̀. Kí ló kọ́kọ́ ń ṣe? Oòrùn ló ń yá. Ara rẹ̀ kì í dá gbóná, bí ara ò bá sì gbóná, oúnjẹ ò ní dà nínú rẹ̀. Ìtànṣán UVB inú oòrùn ló tún ń jẹ́ kí ara rẹ̀ ṣe fítámì D3, èyí tó ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù wọ egungun. Láìsí i, àgbọ̀n á rọ̀, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, á sì wọ́. Ẹran yín lè yó lójoojúmọ́, kí ó sì kú bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á ní kí ẹ ra gílóòbù UVB, kó máa tàn fún wákàtí 10 sí 12 lójúmọ́. Ẹ rà á. Ṣùgbọ́n àdúgbò wo ní Kosofe ni iná ti ń dúró tó bẹ́ẹ̀? Ẹ fi oòrùn kún un. Ẹ gbé e síta láàárọ̀ nínú kéèjì oníwáyà, kí ìdajì rẹ̀ wà lábẹ́ ìbòji, kí ẹ sì jókòó tì í nítorí ológbò àti àwòdì. Ẹ má gbé àpótí onígíláàsì sóòrùn o: á gbóná bí ààrò, á pa á. Oòrùn tó bá sì gba gíláàsì fèrèsé wọlé ò wúlò fún egungun, gíláàsì ti dí UVB.

Oúnjẹ ńkọ́? Mile 12 ò jìnnà. Ọmọ kékeré ń jẹ kòkòrò ju ewé lọ. Àgbà ń jẹ ewé jù. Ẹ gé ilá àti elégédé wẹ́wẹ́, kí ẹ rin kárọ́ọ̀tì. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre kì í ṣe tojoojúmọ́, wọ́n máa ń di kálísíọ̀mù mú. Píà, májèlé ni fún un. Ìrẹ̀ tàbí tata dáa, kó má ṣáà tóbi ju àlàfo àárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Ẹ wọ́n páúdà kálísíọ̀mù sí i. Aáyán kíṣínì, rárá: ẹ ò mọ oògùn tó ti jẹ.

Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́; ó lè ní kòkòrò àrùn Salmonella lára.

Ó lè lo ọdún 10 lọ́dọ̀ yín. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ara yín: tí mo bá ti jáde nílé láago márùn-ún ìdájí lọ sí Island, ta ni yóò gbé e sóòrùn? Bí kò bá sí ẹnì kankan, ẹ má rà á. Ti orí fẹ́ǹsì wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni wíwò rẹ̀.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ rà á. Ó dìgbà o.