Kora ní Festac: Okùn Mọ́kànlélógún fún Ìfọ̀kànbalẹ̀



Torí àlejò ni ìjọba ṣe kọ́ Festac Town tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, òṣèré, akọrin àti onímọ̀ tí wọ́n lé ní 15,000 ya wọ Èkó fún FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn adúláwọ̀. Sidiki Diabaté, alákora láti Mali, wà lára wọn. Àjọ̀dún yẹn ló ti gba orúkọ ọba kora. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí àdúgbò wa ò tíì gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà rí, wọn ò sì mọ ohun tó gbé lọ́wọ́ wá.

Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe kora, igbá ńlá ni wọ́n ń là sí méjì, wọ́n á fi awọ màlúù bo ojú ààbọ̀ kan, wọ́n á wá ki ọ̀pá gígùn bọ̀ ọ́. Igi pẹlẹbẹ kan dúró lóòró lórí awọ náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì ni okùn 21 gbà kọjá: 11 lápá òsì, 10 lápá ọ̀tún. Awọ ẹtu ni wọ́n fi ń ṣe okùn náà láyé àtijọ́. Okùn ìpẹja ni wọ́n ń lò báyìí. Alákora á kọjú sí igbá, á fi àwọn ìka yòókù di ọ̀pá kékeré méjì mú. Àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá nìkan ló fi ń ta okùn. Àtàǹpàkò á máa yí ohùn ìsàlẹ̀ po lójú kan, ìfábẹ̀lá á máa sáré lókè. Okùn tí a ta kì í dákẹ́ kí òmíràn tó dún, ohùn wọn á máa wọnú ara wọn. Ẹni tó bá fi etí tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ yẹn fún ìgbà díẹ̀, èémí rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an, lójú tèmi, ni agbára kora wà.

Àwọn jẹ́lì, tí iṣẹ́ wọn sún mọ́ ti arọ́kin Ọ̀yọ́, ló ni kora. Ìtàn ìdílé àti oríkì ọba ni wọ́n ń fi kọ. Ní 1970, Sidiki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwo Cordes anciennes jáde, kora nìkan láìsí orin ẹnu. Toumani ọmọ rẹ̀, tó kú ní 2024, gbé kora dé gbogbo ayé.

Ẹni tó bá fẹ́ rí kora níbi àṣàrò, kó lọ sí Keur Moussa ní Senegal. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn mọ́ńkì Bẹnẹdíkítì ibẹ̀ ti ń fi kora kọ Sáàmù. Wọ́n tún ń ṣe kora fúnra wọn. Èèkàn onígi ni wọ́n fi rọ́pò òrùka awọ tó ń di okùn mú, kí ohùn má baà yẹ̀. Àwa tí a ti ka bí Dáfídì ṣe ta dùùrù fún Sọ́ọ̀lù, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín. Kora kò wo ibà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru kò sì gbọdọ̀ torí rẹ̀ pa oògùn tì. Ní 2013, àwọn olùwádìí Cochrane, àjọ tó ń ṣàgbéyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí 26 jọ lórí aláìsàn 2,051 tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ: orin dín àyà jíjá wọn kù. Kì í ṣe kora ni wọ́n wò, wọ́n sì sọ pé ọ̀pọ̀ ìwádìí náà ní àbùkù. Síbẹ̀, kí àyà ẹni má já kì í ṣe nǹkan kékeré fún àwa tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ ká sùn, tí ti agbèrò Mile 2 sì ń dúró dè lówùúrọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, mo bẹ̀ yín. Ará Gambia àti Senegal kò nílò físà láti wọ Nàìjíríà. Ẹ pe alákora kan wá, ẹ fún un ní yàrá kan ní Festac, kí àwọn ọmọ wa máa kọ́ kora lọ́jọ́ Sátidé.