Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Sọ ní Ìpàdé Gbogboogbò: Ojúde Ọba àti Ọjọ́ Ẹgbẹ́ Wa

A ò ní pẹ́ lórí ìdúró, torí a mọ̀ pé ẹni tó pa ata sí ìta ti ń wojú òjò.

Àwa mélòó kan nínú ẹgbẹ́ wọ mọ́tò láti Palmgrove lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ní 2025, a lọ wo Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n máa ń ṣe é. Lọ́dún náà, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí. Òun ló kẹ́yìn láyé Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó gorí oyè ní 1960. Wọ́n wàjà ní oṣù Keje tó tẹ̀ lé e.

Àwọn kan rò pé aṣọ nìkan là ń lọ wò níbẹ̀. Rárá o. Àwọn Òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jagun ní Ìmàgbọn ní 1892. Nígbà tó yá, àwọn Mùsùlùmí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba ní ojúde rẹ̀, pé ó jẹ́ káwọn ṣe ẹ̀sìn àwọn ní àlàáfíà. Balógun Kúkù ni orúkọ tó gba iwájú nínú ìtàn yẹn. Títí dòní, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn Balógun ló ń gun ẹṣin wọlé, ìlù ń dún, ìbọn ń ró, èéfín ètù gba gbogbo ojúde. Ọmọ kékeré wà lórí ẹṣin, ẹ gbọ́ o! Ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó ń fi oríkì pè é, ọmọ náà ò mira. Àwa tí ẹ̀rù ọ̀kadà ń bà, ẹnu yà wá. Àwọn adájọ́ ń wo bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe gun ẹṣin, wọ́n sì ń wo àwọn regbéregbé náà, ìyẹn àwọn tí wọ́n bí láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta síra wọn, Gbọ́baníyì, Bọ́bakẹ́yẹ àti àwọn yòókù. Ẹni tó bá ṣe dáadáa gba ẹ̀bùn.

A dé tán, ni wọ́n bá ní ká ra aṣọ olówó ńlá fún ọjọ́ ẹgbẹ́ tiwa náà. A ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ rántí aṣọ tí a rà kẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wa fi owó gàrí san owó aṣọ àti gèlè. Fún bí oṣù méjì, àpò méjì péré ló wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀, àwọn oníbàárà sì yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. A ò ní dárúkọ rẹ̀, ó wà níbí, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwa náà jẹ̀bi, torí àwa la kọ orúkọ, àwa la gba owó.

Ohun tí a fẹ́ mú níbẹ̀ ni ti ọmọ orí ẹṣin yẹn. Ẹnìkan ló kọ́ ọ. Kí ni àwa kọ́ tiwa? Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ata bàjẹ́, a ní kí ọmọ wa kan lọ ata lórí ọlọ, ẹkún ló sun. Ìyá àgbà kan bi ọmọ girama pé èló ni ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ lédè Òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá ìyá wa ń ka ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kan, ẹgbàawàá ni, ìyẹn 20,000, láìní bírò.

Nítorí náà, kí oníkálukú wọ aṣọ tó bá ní lọ́jọ́ náà. Kí owó tí à bá fi ra aṣọ di ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ. Kí wọ́n díje: ẹ̀kọ pípọ́n sínú ewé, irun dídì, gèlè wíwé, ata lílọ̀, owó kíkà lédè wa, ayò títa. Ọkùnrin ò gbọdọ̀ sá fún ata o, jàre! Àwọn àgbà wa ni yóò dájọ́, ìyá ẹni ò sì ní dájọ́ ọmọ tirẹ̀.

Ẹ fi orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Ẹni tó bá ní ọlọ tó ṣì dára, kó sọ fún wa. Méjì péré la tíì rí.